Ọ̀dọ̀ Múfú Ni Ọ̀gá Gbé Díráìfù Wọn Lọ

Ìṣojú mi kòrókòró ló ṣe. Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ nígbà tí Ọ̀gá Láyí, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà, ń kọjá, wọ́n fi ọ̀rá dúdú kan dání. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n sọdá títì, wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Múfú.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá yìí náà ni Múfú ti kọ́ṣẹ́. Èmi ni Ọ̀gá kọ́kọ́ kọ́. Nígbà tí Múfú dé, èmi ni mo fi hàn án bí wọ́n ṣe ń tú kọ̀ǹpútà láìba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó gba òmìnira iṣẹ́, Ọ̀gá gbé tábìlì iṣẹ́ tiwọn gan-an fún un. Èmi, àdúrà ni wọ́n gbà fún mi lọ́jọ́ tèmi. Àdúrà náà gùn o, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè gbé kọ̀ǹpútà lé e.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Múfú fúnra rẹ̀ yọjú sí mi pẹ̀lú ọ̀rá dúdú yẹn.

"Àǹtí Rìsí, ẹ gbà mí. Háàdì díráìfù Ọ̀gá ni. Ó kàn ń dún kà, kà, kà, kò ṣí."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ohùn àwọn àgbà agboolé wọn ní Àrẹ̀mọ, tí wọ́n ń sọ ìtàn ìdílé. Ìyá Ọ̀gá náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ti kú tán."

Inú mi kọ́kọ́ dùn pé apá rẹ̀ ò ká a. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí. Abẹ́rẹ́ kékeré kan wà nínú díráìfù tó ń ka ohun tí a kọ sára àwo rẹ̀. Bó bá ti ń dún báyẹn, abẹ́rẹ́ náà ló ti ń ṣìnà, bí èèyàn bá sì ṣe ń tàn án tó ló ṣe ń bàjẹ́ sí i.

"Má tàn án mọ́," ni mo wí. "Fi sílẹ̀ síbí."

Linux ni mo ń fi darí kọ̀ǹpútà mi fún irú iṣẹ́ yìí, torí mo lè pàṣẹ fún un pé kó má kọ ohunkóhun sórí díráìfù tó ń ṣàìsàn, kó kàn da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sórí òmíràn tó yè. Irinṣẹ́ tó ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní ddrescue. Bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun ló ṣe ń ṣiṣẹ́: ibi tó rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ, yóò fi ibi eegun sílẹ̀ dẹ̀yìn. Ó sì máa ń rántí ibi tó bá a dé.

Ó ń lọ dáadáa, àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí díráìfù náà dákẹ́. Kọ̀ǹpútà ò rí i mọ́ rárá. Ibẹ̀ ni èrò kan ti sọ sí mi lọ́kàn: bí mo bá ní ó ti kú, Múfú ló máa lọ sọ ọ́ fún Ọ̀gá. Ẹnu tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ burúkú yẹn á ti jáde. Mo jókòó ti èrò náà, ó ń dùn mọ́ mi bíi ṣúgà. Ṣùgbọ́n ìyá Ọ̀gá ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe Múfú. Mo yọ díráìfù náà, mo gbé e síwájú fáànù títí ó fi tutù, mo tún so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó jí.

Nígbà tí ẹ̀dà náà parí, inú rẹ̀ ni mo ti wá àwọn fáìlì, n kò fọwọ́ kan ojúlówó mọ́. Díẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mo ṣí ọ̀kan nínú àwọn tó yè, ohùn arúgbó kan sì jáde: "Láyí, ṣé ẹ̀rọ yẹn ti ń gbọ́ mi?"

Múfú, tó dúró tì mí, nu ojú.

Òun ló gbé e lọ fún Ọ̀gá. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé yóò dá gba ìyìn rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá wọlé tọ̀ mí wá.

"Rìsí, Múfú ní ìwọ lo ṣe é. O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti gbọ́ ohùn ìyá mi."

N kò mọ ìgbà tó já bọ́ lẹ́nu mi: "Ọ̀gá, kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ Múfú lẹ kọ́kọ́ gbé e lọ?"

Wọ́n fa àga kan, wọ́n jókòó. "Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ." Wọ́n dìde. "Jọ̀ọ́, kọ́ Múfú níṣẹ́ yìí."

Ká ní wọ́n sọ pé ó mọṣẹ́ jù mí lọ ni, ǹ bá jà. Ẹ̀rín! Ta ló ń bá ẹ̀rín jà?

Mo kọ́ ọ. Mo le ojú koko bí mo ṣe ń kọ́ ọ. Ó wo ddrescue tó ń fà díẹ̀díẹ̀ títí, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀rọ yìí ń rìn bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹun ọ̀sán tán, tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́."

Kí n tó mọ̀, mo ti bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.