Ìrìn Àjò Mi sí Challenge, Níbi Tí Wọ́n Ti Bá Mi Wí

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà ládùúgbò wa nígbà tí mo jáde nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi kó búrẹ́dì lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ rọra o. Ọlọ́run á ṣe tòní ní rere.” Mi ò tiẹ̀ lágbára àtiṣe àmín tó dún. Ẹni tó bá ń lọ Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì láti bí oṣù mélòó kan, títì ti wọ̀ ọ́ légungun.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń wá lọ. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Challenge ló ra kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí n ṣe ètò sínú rẹ̀ tí yóò gba ipò káàdì àwọn aláìsàn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi tipẹ́: “Má ti ilẹ̀kùn mọ́rí ṣe iṣẹ́ tán o. Ṣe díẹ̀, gbé e lọ fún àwọn tí yóò lò ó, gbọ́ ẹnu wọn, tún un ṣe, kí o tún gbé e lọ.” Bí aránṣọ ṣe máa ń wọn aṣọ wò lára oníbàárà kó tó rán an pa ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo sì ń ṣe. Àní mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ torí ẹ̀. Àmọ́ Dókítà tó ni ilé ìwòsàn ti ránṣẹ́ sí mi: bí wọn ò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lónìí, òun á ta ẹ̀rọ náà, kálukú á sì gba ilé ẹ̀ lọ.

Epo wọ́n, owó ọkọ̀ sì ti gorí àjà. Ní Ọ̀yọ́, a tò sórí ìlà epo títí oòrùn fi yọ. Dírẹ́bà wojú mi nínú dígí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ dì mọ́ra bí ọmọ tuntun yẹn?”

“Díìsì ni. Pálí pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí.”

“Kò jọ ohun tó wúwo. Ojú yín ló wúwo.”

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi díẹ̀, àmọ́ òótọ́ ló sọ.

Ní Ojoo, mo bọ́ sínú takisí. Nílé wa, ọ̀kadà kan ṣoṣo á ti gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà. Ní Ìbàdàn, èèyàn méjì ni wọ́n ká mọ́ iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, eegun ìbàdí ẹnìkejì sì ń gún mi. A kọjá Àgbowó, a kọjá Bódìjà. Mo tún wọ ọkọ̀ míì ní Dùgbẹ̀, a sì ń fà wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí Ring Road títí mo fi dé Challenge.

Màmá Títí, olórí yàrá káàdì, dìde kí mi. Obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ ni, díákónéèsì sì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. “Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀ńjíníà. Ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú wàhálà.”

Mo wo ẹ̀rọ. Háà! Wọ́n ti fi aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú hun bò ó, wọ́n sì gbé òdòdó rọ́bà lé e lórí bíi tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Àwọn aláìsàn dúró lójú fèrèsé, káàdì àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń wá fún wọn.

“Ẹ ò lò ó ni, mà?”

“Ó dáa gan-an, Ẹ̀ńjíníà. Kò sí wàhálà kankan.”

Àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ náà ní, “Ó dáa, sà.”

Ó rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó dáa, ó dáa! Ohun tí mo ń gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń wá nìyẹn. Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ọ̀gá mi ní kí n gbọ́ ẹnu wọn, àmọ́ Yorùbá wo ni yóò wo àlejò tí eruku ọ̀nà bò, kó sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa? Ẹ kú iṣẹ́ la ó kí i. Ọmọ ẹni la máa ń bá wí.

Mo bọ́ bàtà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Mà, ẹ má pè mí ní Ẹ̀ńjíníà mọ́. Ọmọ yín ni mí. Ẹ bá mi wí. Bí ẹ ò bá bá mi wí lónìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.”

“Yéè! Dìde, dìde!” Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló tú u sílẹ̀: “Ìwọ ọmọ yìí, olóríkunkun ni ẹ̀rọ ẹ! Bí kò bá gbọ́ ọjọ́ ìbí, kò ní jẹ́ kéèyàn kọjá. Bàbá arúgbó wá láti Àpáta, ibà ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ó ní ọdún tí wọ́n la títì abúlé àwọn ni wọ́n bí òun. Ọjọ́ wo nìyẹn? Ṣé kí èmi díákónéèsì wá jókòó síbí kí n máa purọ́ ọjọ́ ìbí mọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Mo bá da aṣọ bò ó!”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ, mà?”

“Kí n sọ kẹ̀? Ṣebí ọ̀nà jíjìn lo ti ń wá!”

Mo jókòó ti iṣẹ́. Mo ṣe é kí wọ́n lè fi ọjọ́ ìbí sílẹ̀ lófìfo, tàbí kí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n fojú dá. Iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Màmá Títí dúró lẹ́yìn mi, kò sì dákẹ́ ìbáwí. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ jókòó, ó tẹ orúkọ ìyá àgbà kan wọlé, ó pariwo pé, “Ó gbà!”

Bí Dókítà ṣe wọlé nìyẹn. “Màmá, báwo ni ẹ̀rọ yìí?”

Bí Màmá bá tún ní ó dáa, ọkùnrin yìí ò ní gbà á gbọ́; òun náà ti gbọ́ ọ títí ó sú u. Màmá Títí wò mí, ó gbé ọrùn rẹ̀ sókè.

“Kò tíì dáa, sà. A ò lò ó tẹ́lẹ̀, ojú ló ń tì wá láti sọ. Ọmọ yìí ti tún ibì kan ṣe báyìí, ìyẹn ń lọ dáadáa. Ó ku ti àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ìyẹn ń dà wá láàmú gan-an.”

“Ọ̀rọ̀ gidi àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ nípa ẹ̀rọ yìí rèé,” ni Dókítà wí. Ó yíjú sí mi. “Ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀?”

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo délé, ẹ̀yìn ń ro mí, eruku kún imú mi. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ọmọlúàbí, kó kọ́kọ́ sọ ara rẹ̀ dọmọ fún un. Ìyàwó mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀.

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní kò tíì dáa,” mo dá a lóhùn, ẹ̀rín sì gbà mí lẹ́nu.