Orúkọ Tí Màmá Mi Sọ Ajá

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Port Harcourt ní fún ohunkóhun tó bá ń ru nínú ènìyàn: "vex." Ẹran kò sí nínú ọbẹ̀, bàbá vex. Iná lọ, gbogbo kọ́mpáàùndì vex. Màmá mi, ọmọ Ọ̀yọ́, ní ìyẹn dà bí kí ènìyàn máa pe gbogbo ẹ̀fọ́ ní ewé. Ó ní ìbínú ni ohun tó ń mú òun nà wá, kì í sì í pẹ́ tán. Ìkanra ni ti bàbá wa, ọlọ́pàá, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ebi. Ìlara ni ti ẹni tí kò fẹ́ rí aṣọ tuntun lára ẹlòmíràn. Àmọ́ kùnrùngbùn ló burú jù, nítorí kì í pariwo. Inú ló ń jókòó sí, á sì máa bá ẹni tó ni ín jẹun.

Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó di ọ̀kan sí Ìyá Ìbejì.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá Ìbejì, ògiri kan ló là wá sí méjì ní Oyigbo. Ilé tiwọn àti tiwa nìkan ni Yorùbá nínú kọ́mpáàùndì náà. Bí kẹrosíìnì bá tán nílé ọ̀kan, sítóòfù èkejì ló fi ń dáná. Ó ju màmá mi lọ díẹ̀, òun ló sì wẹ àbúrò mi nígbà tí màmá mi bí i. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù méjì nígbà tí Ìyá Ìbejì ń lọ sílé. Màmá mi fi aṣọ kan rán an sí ìyá rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì débẹ̀, ó bá ọ̀fọ̀. Màmá àgbà ti kú. Àwọn àgbà ilé kì í túfọ̀ ìyá fún ẹni tó ń fún ọmọ tuntun lọ́mú, wọ́n ní ọmú á gbẹ, nítorí náà wọ́n ní kó pa ẹnu mọ́, bàbá mi nìkan ni kó sọ fún. Ó padà dé, màmá mi sáré pàdé rẹ̀, ó bi í léèrè aṣọ. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín. Ó ní aṣọ náà bá màmá mu, wọ́n ní kí òun kí i.

Ọmọ ti ń rá kí bàbá mi tó sọ òótọ́. Wọ́n ti sin òkú, wọ́n ti ṣe gbogbo ètò rẹ̀ tán. Màmá mi dárí ji bàbá mi, ó ní ọkùnrin ò mọ nǹkan kan. Kò dárí ji Ìyá Ìbejì. "Ó dúró níwájú mi," ló máa ń sọ, "ó ń fi eyín funfun sọ̀rọ̀ òkú."

Nílé wa, bí ọ̀rọ̀ bá ju ohun tí ẹnu lè sọ síta, ajá ni wọ́n ń fi í sọ lórúkọ. Nígbà tí bàbá mi mú ọmọ ajá kan wálé, màmá mi sọ ọ́ ní Aṣebíọ̀rẹ́. Láràárọ̀ ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Aṣebíọ̀rẹ́, wá jẹun! Aṣebíọ̀rẹ́, ṣé o rántí oore ṣá?"

Ìyàwó onílé bi í: "Mama, wetin dat name mean?"

"E mean my good friend."

"Chai! Fine name."

Àwa ọmọdé náà ń fi ìfẹ́ pè é káàkiri àgbàlá. Ẹnì kan péré ni orúkọ náà ń gún lọ́kàn. Bí Ìyá Ìbejì bá ń ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ rẹ̀ á dúró díẹ̀, á sì tún máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹlòmíràn ì bá wá ajá tirẹ̀ kó fi fèsì. Eegun ẹran ló ń jù sí tiwa.

Nígbà tó yá, àwọn Ìyá Ìbejì ń kó lọ sílé pátápátá. Ẹrù ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tí Aṣebíọ̀rẹ́ fò gun orí ẹní wọn, ó sì jókòó. Màmá mi jáde láti pè é wálẹ̀. Ó la ẹnu, ó sì rí Ìyá Ìbejì tó ń wo òun.

"Pè é," Ìyá Ìbejì wí. "Orúkọ náà ti mọ́ mi lára."

Màmá mi kò lè pè é. Ó ní, "Ẹ máa mú un lọ," ó sì wọlé. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ìta.

Ọ̀dọ̀ mi ní Iwofe ni màmá mi ń gbé báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà á láàmú, dókítà sì ní kí a má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ ohun tó lè já a láyà. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bá mi wá nọ́ńbà Ìyá Ìbejì. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n. Nǹkan yìí ti pẹ́ jù nínú mi."

Mo wá ọ̀kan nínú àwọn ìbejì náà kàn lórí fóònù. Ó ní, "My brother, Mama don go since last year."

Èmi àti àbúrò mi jọ sọ ọ́. A fẹnu kò pé kò tíì yẹ kó gbọ́, ó di ìgbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀.

Lánàá mo gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀. Ó ní, "O rí wọn?"

"Mo rí wọn, Mà. Ara wọn le. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Ṣé wọ́n bínú sí mi?"

"Rárá, Mà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó jẹ ẹ̀kọ náà tán, ó ní kí n bu sí i. Mo jókòó tì í, èmi náà ń fi eyín funfun sọ̀rọ̀ òkú. Yóò gbọ́ lọ́jọ́ kan, mo sì ti mọ orúkọ tí yóò pè mí.