Káàdì Búlúù Kan Ṣoṣo

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí mo ń kọ́ni ní ìṣirò ní Ado-Ekiti, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá mi. Mo sọ fún ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ wa pé kọ̀ǹpútà yunifásítì kan lè ṣírò èsì ìdánwò gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè wa, títí dé Ijan. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí èsì kò bá jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun yóò fún àwọn tíṣà ní pẹ́ńsù kí wọ́n fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ dárúkọ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ òun mọ́.

Orí káàdì tí a lu ihò sí ni mo kọ iṣẹ́ náà sí. Kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ èdè wa tààrà. Ògbufọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpáílà ló ń tú u fún un. Káàdì búlúù kan ló ń júwe ibi tí ògbufọ̀ yìí wà. Mo di káàdì mi, mo fi wọ́n rán awakọ̀ kan ní ibùdókọ̀ Fájuyì sí yunifásítì náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n dá wọn padà pẹ̀lú bébà kan: ẹ̀rọ kò rí kọ̀ǹpáílà.

Inú bí mi. Mo kọ lẹ́tà sí ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà pé kó wá kọ̀ǹpáílà rẹ̀ níbi tó jù ú sí. Ó fèsì pé gbogbo ènìyàn ló ń lò ó. Mo yẹ káàdì mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì, n kò rí àṣìṣe. Mo tún dì wọ́n, mo fi ránṣẹ́. Èsì kan náà ni. Lẹ́tà mi kejì kò ṣeé kà létí ọmọlúwàbí.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà pé, mo fúnra mi wọ ọkọ̀ lọ sí yunifásítì. Ọkùnrin náà, àgbàlagbà oníwà tútù, kò mẹ́nu ba lẹ́tà mi rárá. Ó tú ẹrù mi, ó ń ka káàdì náà bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tó dé àárín, ó dúró.

“Tíṣà, èyí ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ ti ní kí ẹ̀rọ pe ògbufọ̀ kí ẹ tó júwe ilé rẹ̀. Ta ló fi í sáàárín?”

Èmi ni. Bàbá mi, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, ló tọ́ wa bẹ́ẹ̀. Bó bá ń di ìwé, á ní, “Unú ẹrù ni ìwé gidi í gbé,” kí eruku àti òógùn ọwọ́ má baà bà á jẹ́. Nítorí náà, bí mo bá ti yẹ káàdì wò tán, tí gbogbo rẹ̀ pé, ọwọ́ mi á mú búlúù láti òkè, á tì í bọ àárín, kí n tó so rọ́bà. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń ṣe é.

Ojú tì mí, mo kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi búlúù ṣáájú, ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Láìpẹ́, bébà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tariwo-tariwo, orúkọ àwọn ọmọ wa, ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé ilé-ẹ̀kọ́. Mo sunkún ayọ̀, n kò fi pamọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìdì bébà náà wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ní àdúgbò Adébáyọ̀. Kò kí mi kú oríire. Ó mú ilé-ẹ̀kọ́ kan, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò rẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, èmi náà dúró tì í. Nígbà tó parí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Usẹ́ yìí pé,” ó wí. “Kó ìdánwò tó kù fún ẹ̀rọ rẹ.”

Ẹ̀rọ mi, ó wí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ni títì ni mo ṣe rìn délé lọ́jọ́ náà.