Àtàǹpàkò tí mo fi dí àbàtà

“Má mí o, ọkọ mi,” ni ìyá tó bí bàbá mi wí fún mi. Wọ́n rọra da omi inú ahá sórí odò kékeré tí wọ́n fi amọ̀ mọ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkòsí.

Odò amọ̀ náà gùn tó ẹní méjì. Gbogbo kọ́rọ̀ odò Ògùn tó wà nítòsí wa ló wà níbẹ̀: ibi tí wọ́n ti ń rẹ gbágùúdá, ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, àti àbàtà tó wà lẹ́yìn ọgbà wa gan-an. Nínú àbàtà yẹn, Màmá fi koríko hun ìtẹ́ bíńtín kan, wọ́n kó hóró ataare sí i. Wọ́n ní ẹyin ẹja nìyẹn.

Ẹja náà gùn bí ejò, ẹ̀yìn ló fi ń rìn, koríko ló sì fi ń kọ́lé sójú omi. A kì í dárúkọ rẹ̀ létí odò. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ fún ẹ̀yin náà, torí omi ò jìnnà síbi tí mo jókòó sí yìí. Ó ti ń tán lódò. Ìtẹ́ kan ṣoṣo ló kù ní àbàtà wa, bàbá mi sì fẹ́ gbẹ́ kòtò láti fa omi ibẹ̀ lọ, kí wọ́n lè gbin ẹ̀fọ́.

Bàbá mi gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ ti dàgbà ju kẹ́ ẹ máa fi ẹrẹ̀ ṣeré lọ.”

“Ìwọ wo ibí.” Omi pọ̀, ìtẹ́ náà léfòó, ó fẹ́ máa bá omi lọ sí ọ̀sà. Màmá gbọ́n díẹ̀ kúrò, ìtẹ́ sì dúró jẹ́ẹ́ láàárín koríko. “Ibí ló fẹ́. Omi pọ̀ jù, ó lọ. Omi kéré jù, ó kú.”

Wọ́n wá fi ìka la ibi tí bàbá mi fẹ́ gbẹ́. Omi sun lọ, ìtẹ́ jókòó sórí ẹrẹ̀. Àfi bí èèrà ṣe yọ, tí wọ́n ń kó ataare lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló rí èèrà tó ń jẹ ataare rí? Ara mi bù máṣọ.

Lẹ́yìn ọgbà, àwọn kọ̀ǹkọ̀ dákẹ́ lọ́sàn-án gangan. Omi àbàtà gidi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń dún gbùlù-gbùlù bí ọ̀nà ọ̀fun. Bẹ́ẹ̀, ọkọ́ ò tíì kan ilẹ̀ o! Ohun gígùn kan fi ẹ̀yìn wọ́ lórí ẹrẹ̀, ó ká yí ìtẹ́ rẹ̀ po, ó ń wò wá.

“Màmá, ẹ dí i! Ẹ jọ̀ọ́!” ni bàbá mi kígbe.

“Ṣé wàá gbẹ́ ẹ?”

“Mi ò gbẹ́ ẹ mọ́! Ọjà la ó ti máa ra ẹ̀fọ́!”

Màmá fa ọwọ́ mi. “Ọkọ mi, fi àtàǹpàkò rẹ dí ibi tí mo là yìí. Má gbé e o, àfi tí mo bá ní kó o gbé e. Mò ń lọ fín aṣáà.”

Amọ̀ náà ń fa ọwọ́ mi mu bí ọmọ tó ń mu ọmú. Nígbà tó yá, kọ̀ǹkọ̀ tún ké, omi padà, ohun gígùn náà sì rì. Ìyá mi ló wá fà mí dìde pé ẹ̀bà ti ń tutù. Ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀, àmọ́ Màmá ò tíì ní kí n gbé e. Ọdún gorí ọdún, wọ́n kú, wọn ò sọ ọ́.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àtàǹpàkò mi ò gbẹ láti ọjọ́ náà. “Daddy, ẹ nu ọwọ́ yín,” ni wọ́n máa ń sọ ní báǹkì ní Kétu, tí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò ka ìtẹ̀ka mi. Bí wọ́n bá sì fẹ́ tú omi tí wọ́n sé lókè odò sílẹ̀, àtàǹpàkò náà ń wú kí rédíò tó kéde. Àwọn kan jogún ilé, àwọn kan jogún ilẹ̀. Èmi jogún ihò tí mò ń dí.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń kọ́ nípa odò ní yunifásítì. Lánàá, ó gbé odò wa wá sínú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ ibì kan, omi gòkè. Ó tẹ ibòmíì, omi fà, ibi tí ẹja lè yé sí sì ń dínkù.

“Grandpa, níbo gan-an ni àbàtà yẹn wà?”

Wọ́n ti da iyanrìn sí ìdajì rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó kù. Omi sun lábẹ́ rẹ̀.

“Ah-ah, Grandpa! Ẹ gbé ọwọ́ yín! Kọ̀ǹpútà mi!”

Mi ò gbé e. Kì í ṣe òun ló ní kí n fi síbẹ̀.