Ọ̀nà Tí Mo Fẹ́ Kó Bàjẹ́

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ títì àti afárá ní láti kọ́kọ́ padà sí kíláàsì bí ọmọdé, kó jókòó ti ìṣirò tó lè mú àgbàlagbà sunkún, kó sì yege. Lẹ́yìn ìyẹn, á dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, á ṣàlàyé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, wọn á sì tú u palẹ̀ lójú ẹ̀. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí. Á wá ẹ̀rí sí i, á kọ ọ́ ní ìwé ńlá, á tún fẹnu gbèjà rẹ̀ níwájú àlejò tí wọ́n pè wá láti yunifásítì mìíràn. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, wọ́n pòṣé.

"Gbogbo èyí nítorí títì? Àwọn tó la ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ta ló bi wọ́n ní ìbéèrè kan?"

"Ìyá mi, ìdí tó fi kún fún kòtò nìyẹn."

Ìgbẹ́tì ni ọgbọ́n tèmi ti wá. Wọ́n ń wa òkúta funfun níbẹ̀, èyí tí àwọn olówó fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé. Bí èèyàn bá sun ún nínú iná tó gbóná janjan, ìyẹ̀fun ló ń dà. Mo ní bí a bá po ìyẹ̀fun yẹn mọ́ yangí, erùpẹ̀ pupa olókùúta tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà wa káàkiri Òkè-Ògùn, òjò ò ní lè gbé e lọ mọ́. Ọ̀gá mi n'Íbàdàn, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà, rẹ́rìn-ín. "Ẹnu dùn-ún ròfọ́," ni wọ́n wí. "Lọ ṣe é sílẹ̀, kí òjò odidi ọdún kan dán an wò."

Ọ̀nà oko ní abúlé bàbá mi, lẹ́bàá Tẹ̀dé, ni mo ti ṣe é. Mo fi ìyẹ̀fun òkúta po yangí apá kan, mo ṣe apá kejì ní yangí lásán. Apá kejì yìí ni mo fẹ́ kó bàjẹ́. Bí kò bá bàjẹ́, kí ni màá fi sọ pé ti àkọ́kọ́ dára? Mo gbé ààlè kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àjákù ìgbálẹ̀, ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa, kí ẹnikẹ́ni má baà kó yangí mi lọ mọlé.

Òjò ọdún yẹn rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Bó bá ti dá, màá gun alùpùpù láti Ṣakí, ibi tí mò ń gbé, màá lọ yọjú sí ọ̀nà mi. Àwọn ará abúlé tilẹ̀ sọ mí ní Ìyàwó Yangí, torí mi ò tíì lọ́kọ nígbà náà. Wọn ì báà sọ mí ní ìyá rẹ̀, kò kàn mí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí kòtò nínú yangí lásán, inú mi dùn bí ọdẹ tó rí ẹsẹ̀ ẹtu. Apá kejì ń ya, ó ń jìn, ti òkúta Ìgbẹ́tì sì dúró gbọn-in. Mo jó lójú ọ̀nà níbẹ̀, èmi nìkan.

Nígbà tí òjò fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀gá mi ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá fojú rí i. Mo sọ fún ìyá mi. Ìyá mi sọ fún baálẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, mo lọ pàdé ọ̀gá mi ní Tẹ̀dé, a sì jọ dé abúlé nínú mọ́tò wọn. Gbogbo ìlú tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nínú aṣọ dáadáa, baálẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níwájú. Mo bọ́ sílẹ̀. Mo wòtún, mo wòsì. Kòtò mi dà? Ọ̀nà ń dán bí ilẹ̀ pálọ̀! Wọ́n ti bẹ ọ̀wẹ̀: àwọn ọkùnrin fi yangí dí gbogbo ibi tó jìn, wọ́n gún un mọ́lẹ̀, àwọn obìnrin sì fi bọ̀tọ̀, ìgbẹ́ màlúù, pa á lókè, bí a ti ń pa ilẹ̀ yàrá.

"Ọmọ wa," ni baálẹ̀ wí, "a ò jẹ́ kójú tì ọ́ níwájú àlejò. Ibi tí iṣẹ́ rẹ ò ti jọra, a ti bá ọ tún un ṣe."

"Bàbá! Ẹ ò rí ààlè ni?"

"Olè ni ààlè ń lé. Ṣé a mú nǹkan níbẹ̀ ni? A fi kún un ni."

Mo kígbe. Inú ń bí mi, ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún náà ń bọ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bíbàjẹ́ apá yẹn gan-an ni ẹ̀rí mi. Baálẹ̀ wo ìyá mi, wọ́n tún wò mí.

"Ó fẹ́ kó bàjẹ́? Ẹ sáré mú ọkọ́ wá! A ó bà á jẹ́ fún un báyìí-báyìí!"

Ọ̀gá mi ló sáré dá wọn dúró. Wọ́n bèèrè ohun tí àwọn ará abúlé fi dí kòtò. Yangí lásán ni, kò sí sìmẹ́ńtì níbẹ̀. "Ó ṣì jẹ́ yangí lásán," ni ọ̀gá mi sọ fún mi. "Mò ń lọ sí Ṣakí, ọ̀túnla ni màá gba ibí padà. Bí òjò bá rọ̀, tó gbé e lọ, ẹ̀rí rẹ pé. Bí kò bá rọ̀, àfi kí o dúró de òjò ọdún tó ń bọ̀."

Odidi ọdún! Àwọn obìnrin tó ti ń bẹ òjò kó lọ, nítorí gbodo, iṣu èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta, kó gbodo wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ kó padà. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ adóṣù Ṣàngó gbé ṣẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ jáde, ó ń mì í, ó ń ki Ṣàngó títí ohùn fi há a. Oòrùn kàn ń ràn ni.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi padà, oòrùn ṣì ń ràn nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wo ọ̀nà, wọ́n mi orí. Ẹnu kí wọ́n dágbére ni wọ́n wà tí afẹ́fẹ́ fi ti ẹ̀yìn òkè jáde, tí àwọn ewúrẹ́ ń sá wọ abẹ́ àká. Òjò dé! A sá sábẹ́ òrùlé kan lẹ́bàá ọ̀nà. Bọ̀tọ̀ ló kọ́kọ́ ṣàn lọ. Lẹ́yìn náà, yangí ya lójú kan, gbogbo ìlú hó yèè. Ó tún ya níbòmíràn, wọ́n tún hó. Àwọn ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara wọn gún un ń pàtẹ́wọ́ bó ti ń jìn! Ní apá àkọ́kọ́, omi kàn ń gba orí òkúta Ìgbẹ́tì kọjá lọ ni.

Ọ̀gá mi yíjú sí mi, wọ́n pè mí ní ọ̀mọ̀wé. Kí n tó dáhùn, ìyá mi ti bọ́ sínú òjò, gèlè ti tú, wọ́n fa ọ̀gá mi lọ́wọ́ lọ sétí kòtò.

"Ọ̀gá, ẹ wá wò ó! Ẹ wo bó ti bàjẹ́ dáadáa!"