Tòlótòló Tí Àbúrò Mi Rán

Àǹtí Tẹ́ẹ̀pù ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò mi obìnrin, nítorí tẹ́ẹ̀pù tó fi ń wọn aṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Mo ti rí i tó gbé e kọ́rùn lọ síbi ìsìnkú. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ náà la sì ń gbà wọlé, tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó wá kí wa tí kì í gbé òwú lára jáde. Mo ti ráhùn títí, ó ti sú mi.

Òun ló sọ pé lọ́dún yìí, òun máa yan odindi tòlótòló tí kò ní eegun kankan nínú. Mo bi í pé ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó kàn wo ilẹ̀kùn yàrá Bàbá wa, ọ̀rọ̀ náà sì yé mi.

Iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Bàbá ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì le lórí iṣẹ́ náà. Láràárọ̀, kí èrò kankan tó wọlé, wọ́n á yí ọkọ̀ ká, wọ́n á máa fọwọ́ tẹ táyà kọ̀ọ̀kan, bí mẹkáníìkì tilẹ̀ ti búra pé kò sí ìyọnu. Lọ́dún tó kọjá, nídìí oúnjẹ ọdún, eegun ẹran há wọn lọ́fun. A ń lù wọ́n lẹ́yìn, àwọn ọmọ mi ń sunkún, kó tó di pé eegun náà jáde. Wọn ò kú, ṣùgbọ́n ojú tì wọ́n níwájú àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Láti ọjọ́ náà, yàrá ni wọ́n ti ń dá jẹun: búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì, ẹyin sísè, ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran. A bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Àga wọn nídìí tábìlì wá di ibi tí àwọn ọmọ ń ju báàgì ilé ìwé sí.

Ìdí nìyẹn tí tòlótòló náà kò fi gbọdọ̀ léegun. Ohun tí àbúrò mi ń wá kò ju kí Bàbá padà wá bá wa jókòó lọ.

Ó fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ la ẹ̀yìn ẹran náà, ó ń tọ eegun lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì fa eegun itan yọ bí ẹni fa apá ọmọdé yọ nínú ẹ̀wù. Nígbà tó ṣe tán, ẹran náà tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì ìdáná. Ó po búrẹ́dì gbígbẹ mọ́ àlùbọ́sà, ẹ̀dọ̀ ẹran àti ẹyin, ó kó o sáàárín, ó sì ká ẹran bò ó. Títí débẹ̀, n kò rí àléébù kankan. Àfi bí mo ṣe rí i tó ń fi pínnì ìránṣọ de etí awọ rẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? Pínnì nínú oúnjẹ?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti sè wọ́n nínú omi gbígbóná. Tí mi ò bá kọ́kọ́ dè é, á wọ́ lọ sápá kan. Bí mo bá ṣe ń rán an ni màá máa yọ wọ́n."

Nígbà tó bá ti dé ìdí iṣẹ́, ariwo mi ò kàn án mọ́. Ó fi òwú funfun tó nípọn rán an, ojú ìrán náà sì gún ju ti ṣòkòtò tó rán fún mi lọ. Ó fi aṣọ mímọ́ bò ó, ó lọ wẹ̀. Èmi lọ ra ohun mímu. Nígbà tí mo dé, ó gbé e sínú ààrò gáàsì, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Òórùn dídùn ti gba ilé kan nígbà tó pè mí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. Ó máa ń to pínnì rẹ̀ yí etí tìmùtìmù kékeré kan ká, kì í sì í fi àyè kankan sílẹ̀. Àyè kan ṣófo.

"Bóyá ó bọ́ sílẹ̀," mo ní.

A wá ilẹ̀. Ó mú irin òòfà tó fi ń ṣa abẹ́rẹ́, ó gbé e gba gbogbo abẹ́ tábìlì, ìdérí ìgò kan ló rí. Ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó tú irun rẹ̀, nítorí ó máa ń gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Kò sí. Eegun ló fẹ́ pa Bàbá lọ́dún tó kọjá, pínnì wá ni a fẹ́ bù fún wọn lọ́dún yìí. Inú bí mi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ti bá ara rẹ̀ wí ju bí mo ṣe lè bá a wí lọ.

Tòlótòló jáde, ó pọ́n, ó ń dán. Ṣe ló yẹ ká gbé e wọlé lódindi kí àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, àbúrò mi dúró sílé ìdáná, ó ń gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó ń fi ìka tẹ ègé kọ̀ọ̀kan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá ti bá wa. Wọ́n ti wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi ń ròde.

"Kí lẹ̀ ń fi oúnjẹ ṣe?"

"Ẹ dákun, Bàbá, ẹ má jẹ níbẹ̀," àbúrò mi ní. "Mo fi pínnì dè é, ọ̀kan sì ti sọnù sínú ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ padà wá bá wa jẹun ni. Mo ti wá bà á jẹ́."

Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò àyà wọn, wọ́n mú bébà kékeré kan tí wọ́n ká jáde. Pínnì náà ló wà nínú rẹ̀.

"Abẹ́ apá tòlótòló yẹn ló wà. Nígbà tẹ́ ẹ ò sí níbí, mo yọ́ wá, mo tẹ̀ ẹ́ yíká, bóyá eegun ṣẹ́kù síbẹ̀. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi sọ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé mi ò kì í gbé ọkọ̀ tí mi ò bá tíì tẹ táyà ẹ̀ wò."

Àbúrò mi mí kanlẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì tíì nu omijé. Ara tu èmi náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé ìbínú mi, kì í sì í ṣe nítorí pínnì nìkan. Kí ẹran náà tó wọ iná rárá ni Bàbá ti ń múra àtiwá bá wa jẹ ẹ́.

Mo sáré lọ kó báàgì àwọn ọmọ kúrò lórí àga wọn. Bàbá jókòó, wọ́n fi sùúrù jẹ ègé àkọ́kọ́, wọ́n gbé e mì. Gbogbo wa ń wò wọ́n lọ́fun.

"Ẹ gbójú kúrò lọ́fun mi, ẹ jẹ́ n jẹun," ni wọ́n wí, wọ́n sì ti àwo wọn sọ́dọ̀ àbúrò mi pé kó bù sí i.