Kibiwott àti Ẹ̀rọ Tó Ń Wo Ọkàn

Láti ọjọ́ tí Rotich ti ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì wàrà lọ́wọ́, tí ọkàn rẹ̀ dúró, tí kò sì dìde mọ́, ni Kibiwott aládùúgbò mi kò ti lè jókòó lójú kan. Àwọn méjèèjì jọ sáré nígbà èwe wọn lórí ilẹ̀ pupa ìlú Iten wa yìí. Kibiwott ni wọ́n máa ń gbà láti ṣíwájú àwọn asáré ńlá títí dé ìdajì eré, kó tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta báyìí, ó ní màlúù mẹ́rin àti oko ọ̀dùnkún tó dà gẹ̀rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè.

"Tíṣà, ara Rotich le ju tèmi lọ," ó máa ń wí fún mi. "Èmi wá ńkọ́?"

Chelagat, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Eldoret, ló ra ẹ̀rọ náà wá fún un. Kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Èèyàn á fi ìka méjì lé e, á so ìgbànú kékeré rẹ̀ mọ́ apá, kò sì ní pẹ́ tí á fi sọ iye ìgbà tí ọkàn ń lù, bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ṣe rí, àti bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Á tún ya ìlà kan tó ń fò sókè sódò bí ọkàn ṣe ń lù.

"Ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan nírọ̀lẹ́, Bàbá," Chelagat wí. "Ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ o."

"Mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ kìíní, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti lò ó lẹ́ẹ̀mọkànlá. Ó mu tíì tán, ó lò ó. Ó fún wàrà tán, ó lò ó. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà, ẹ̀rọ ké píì, gbogbo ojú sì yí sẹ́yìn. Bí àyà rẹ̀ bá ti já, iye náà á lọ sókè. Bí iye náà bá lọ sókè, àyà rẹ̀ á tún já.

Jeruto ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. "Bàbá Chelagat, kí ló wí láàárọ̀ yìí? Ṣé ó ní kẹ́ ẹ lọ gé koríko fún màlúù?"

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí mo bá ṣubú, wàá sunkún."

"Màá kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ yín ná, bóyá ó gbà mí láyè."

Lọ́sẹ̀ kẹta, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà lágbàlá wọn, mo wá gba wàrà kíkan inú akèrègbè, nígbà tí Jeruto gòkè dé láti oko, ẹrù igi ìdáná lẹ́yìn rẹ̀. Ó jù ú sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, kò sọ̀rọ̀. Jeruto tí kì í dákẹ́!

"Gbé ìka rẹ wá," Kibiwott wí.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ó gbé ìka lé e kí ọkọ rẹ̀ lè jẹ́ kó sinmi. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ọ̀mùtí: ó fò, ó dúró, ó tún fò lẹ́ẹ̀mejì léra. Iye náà kò dúró lójú kan, ó ń sáré láti ọgọ́rùn-ún lọ sí ọgọ́jọ.

"Ó ti bàjẹ́," Kibiwott wí. Ó fi ìka ara rẹ̀ lé e: ìlà náà tò dáadáa. Ó fà mí lọ́wọ́, ó yẹ tèmi wò: kò sí nǹkan kan. Ó tún gbé e fún Jeruto, bó ṣe rí náà ló tún rí.

"Ẹ̀rọ yín ti mutí yó," Jeruto wí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Kibiwott pe Chelagat lórí fóònù. "Ẹ gbé Màmá wá lónìí," ọmọ náà wí. "Kì í ṣe lọ́la o, Bàbá. Lónìí."

"Màlúù dúdú yẹn fẹ́ bímọ," Jeruto wí. "Mi ò lọ síbì kankan."

"Èmi á dúró ti màlúù," mo dá sí i.

"Tíṣà, ta ló bá yín sọ̀rọ̀?"

Ó dìde, ó ń padà sóko. Kibiwott dúró lójú ọ̀nà fún un. Kò pariwo. "Jeruto, mo bẹ̀ ọ́," ó wí. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Jeruto wò ó títí, ó wọlé lọ mú ṣọ́ọ̀lù rẹ̀.

Inú mátátù, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lọ Eldoret, ni Jeruto ti wá jẹ́wọ́. Kibiwott ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín àgbàdo. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ọkàn rẹ̀ ti ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ bí ẹyẹ tí wọ́n há mọ́lé.

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ilé kan ò lè gba aláìsàn méjì. Ẹ ti gba àyè yẹn kí n tó dé ibẹ̀."

Nígbà tí wọ́n ń yẹ ìyàwó rẹ̀ wò, Kibiwott yí ilé ìwòsàn ká títí ẹ̀ṣọ́ fi bi í bóyá nǹkan rẹ̀ sọnù. Dókítà obìnrin kan ló jáde wá bá a. "Apá òkè ọkàn wọn ló ń gbọ̀n, kò lù bó ṣe yẹ. Ẹ̀jẹ̀ lè dì síbẹ̀, kó gba orí lọ, kó di rọpárọsẹ̀. Ṣùgbọ́n òògùn wà, ẹ ò sì pẹ́ jù. Ẹ̀rọ ọwọ́ yín yẹn ò lè sọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó tọ́ka síbi tó yẹ ká wò."

Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n padà dé. Màlúù dúdú ti bí abo lọ́wọ́ mi.

Kibiwott ló ń ru igi gòkè báyìí. Àwọn ọkùnrin ń fi í rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà pé iṣẹ́ obìnrin ló ń ṣe, àmọ́ ẹrù rẹ̀ ló ń gbé lọ. Ẹ̀rọ náà ló wá di wàhálà. Ó ń gbé e tẹ̀ lé Jeruto dé oko, dé ìdí iná tó ti ń ro ọkà àgbàdo. "Ẹ jẹ́ n ro ugali mi o!" ni mo máa ń gbọ́ láti ilé mi. Níkẹyìn, Jeruto ṣòfin: ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì nìkan. Ó fi gèlè rẹ̀ wé ẹ̀rọ náà, ó gbé e wá fún mi.

"Tíṣà, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Bí mo bá fi í sílé, ọkọ mi á fi pa mí kí àìsàn tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Kibiwott ti dé ẹnu ọ̀nà mi.

"Ẹ jẹ́ n kàn wò ó ni."

"Ọjọ́rú la wà."

"Mo mọ̀. N ò ní gbé e lọ." Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. "Tíṣà, nígbà tí Jeruto ń pe àwọn màlúù láàárọ̀, ṣé ohùn rẹ̀ ròkè tó?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo ti gbọ́ ọ."

Bó ti fẹ́ dáhùn ni Jeruto figbe ta láti ìsàlẹ̀ òkè, ó ń ṣépè fún ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ wọ inú ọ̀dùnkún. Kibiwott dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí, títí èébú náà fi tán. Ló bá mú okùn tí wọ́n á fi so ewúrẹ́ náà, kò béèrè ẹ̀rọ mọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.